Asẹ́ Ìmọ́lẹ̀ Méjì: Bí Ojú Ẹ̀rọ Ìṣirò Ti Ń Fi Nọ́ńbà Hàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí òwe yìí ti jẹ́ òtítọ́ nínú ọ̀rọ̀ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ó jẹ́ òtítọ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ṣe. Ẹni tí ó bá rí ohun kan tí ó dúdú, tí ó sì kéde lójú ẹsẹ̀ pé ó ti bàjẹ́, kò tí ì gbọ́ ẹjọ́ ohun náà tán.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn mú bí ẹni pé yóò jó ilẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ méjì tọ̀ mí wá pẹ̀lú ìjà lẹ́nu. Ọ̀kan nínú wọn ti yá ẹ̀rọ ìṣirò lọ́wọ́ èkejì. Nígbà tí ó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ó gbé ẹ̀rọ náà lé orí páànù kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí ó fi padà dé, gbogbo ojú ẹ̀rọ náà ti dúdú bí èédú. Nọ́ńbà kan kò hàn níbẹ̀ mọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, pàbó ni ó já sí. Ẹni tí ó ni ẹ̀rọ fi igbe ta pé ọ̀rẹ́ òun ti ba ohun ìní òun jẹ́, pé ọ̀sẹ̀ kan péré ni ó kù kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, àti pé àfi kí ó san owó rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí ó yá a ń sunkún. Ata ni ìyá rẹ̀ ń tà lọ́jà, ó sì mọ iye ọjọ́ tí ìyá òun yóò fi jókòó ti àtẹ kí ó tó rí irú owó bẹ́ẹ̀.

Mo gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ wọn. Ó gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbé e láti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì. Mo gbé e kalẹ̀ sí orí sìmẹ́ǹtì tútù tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sì ní kí àwọn méjèèjì jókòó, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ títí èmi yóò fi bi wọ́n. Ohun tí ó tẹ̀ lé e, èmi yóò sọ ọ́ ní ìparí ẹ̀kọ́ yìí. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè yé yín, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ ní láti kọ́kọ́ mọ bí irú ojú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́.

Ohun kìíní tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé ojú ẹ̀rọ ìṣirò kì í tan ìmọ́lẹ̀ kankan fúnra rẹ̀. Ẹ gbé e wọ inú yàrá tí ó ṣókùnkùn biribiri, ẹ kì yóò rí nọ́ńbà kan lórí rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, tàbí ti iná tí ń bẹ nínú ilé, ni ó ń lò. Ó dà bí oníbodè ìlú láyé àtijọ́: kì í ṣe òun ni ó ni àwọn èrò tí ń kọjá, ṣùgbọ́n òun ni ó ń sọ ẹni tí yóò wọlé àti ẹni tí yóò dúró sí ẹ̀yìn odi. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ iṣẹ́ oníbodè yìí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ìwà èrò tí ń gba ẹnu ibodè rẹ̀ kọjá, èyí ni ìmọ́lẹ̀.

Ìgbì ni ìmọ́lẹ̀. Ẹ so okùn gígùn kan mọ́ igi, ẹ di etí rẹ̀ kejì mú, kí ẹ sì máa mì í sókè-sódò. Ẹ ó rí i pé ìgbì yóò máa sáré lórí okùn náà lọ bá igi. Okùn fúnra rẹ̀ kò lọ sí ibì kankan. Mímì rẹ̀ ni ó ń lọ. Bí ẹ bá sì mì í láti ọ̀tún sí òsì, ìgbì yóò tún sáré bákan náà, ṣùgbọ́n ìhà tí okùn ń mì sí ti yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ rí. Bí ó ti ń rìn lọ síwájú, ó ń mì ní ìdábùú ọ̀nà tí ó ń tọ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn a máa mì sí gbogbo ìhà pọ̀ mọ́ ara wọn: sókè-sódò, sọ́tùn-ún sósì, àti gbogbo ìhà tí ń bẹ láàárín wọn. Ojú ènìyàn lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ ọ̀kan sí èkejì.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a ro ọgbà ọparun kan, tí a ri àwọn ọparun rẹ̀ ní òòró, tí àlàfo tóóró sì wà láàárín wọn. Ẹ fa okùn yẹn gba inú àlàfo kan kọjá. Bí ẹ bá mì í sókè-sódò, ìgbì yóò kọjá sí òdìkejì. Bí ẹ bá mì í sọ́tùn-ún sósì, ọparun yóò dá a dúró. Awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ìmọ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní poláráísà, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ yìí a ó máa pè é ní asẹ́ ìmọ́lẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí asẹ́ ògì ti ń dá èèrí dúró tí ó sì ń jẹ́ kí omi ògì kọjá, bẹ́ẹ̀ ni asẹ́ yìí ń dá ìmọ́lẹ̀ tí ó ń mì sí ìhà kan dúró, tí ó sì ń jẹ́ kí èyí tí ó ń mì sí ìhà kejì kọjá. Kò sí ihò tí ojú lè rí lára rẹ̀. Bí àwọn èérún inú rẹ̀ ti tò ni ó fún un ní agbára yìí. Ìdajì ìmọ́lẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó ń dá dúró, ìdí sì nìyí tí ojú ẹ̀rọ ìṣirò kì í fi í funfun bí ìwé.

Ó pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1808, Étienne-Louis Malus, ará Faransé, ń wo ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ó ń tàn padà láti ara fèrèsé ààfin Luxembourg ní ìlú Paris. Òkúta mímọ́ gaara kan tí a mú wá láti ilẹ̀ Iceland ni ó fi sí ojú. Òkúta yìí a máa sọ ohun kan di àwòrán méjì. Bí Malus sì ti ń yí i lọ́wọ́, ọ̀kan nínú àwòrán náà ń ràn bí èkejì ti ń ṣú. Láti ibẹ̀ ni ó ti mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ní ìhà. Ní ọdún 1929, Edwin Land, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà, béèrè fún ìwé àṣẹ lórí asẹ́ ìmọ́lẹ̀ pẹlẹbẹ tí òun ṣe. Láti ìgbà náà ni asẹ́ ìmọ́lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí di ohun tí gbogbo ènìyàn lè rà.

Ẹ jẹ́ kí a mú irú asẹ́ yìí méjì. Bí a bá gbé ọ̀kan síwájú èkejì tí ìlà àwọn méjèèjì sì lọ sí ìhà kan náà, ìmọ́lẹ̀ tí ó la ti ìkíní já yóò la ti èkejì já pẹ̀lú. Bí a bá yí èkejì ní dígírì 45, ìdajì ohun tí ó jáde láti inú ìkíní ni yóò kọjá. Bí a bá yí i dé dígírì 60, ìdá kan nínú mẹ́rin ni yóò kù. Bí ó bá sì di dígírì 90, tí èkejì wá dábùú ìkíní pátápátá, òkùnkùn ni yóò kù. Ẹ fi èyí sí ọkàn yín dáadáa: asẹ́ méjì tí ó dábùú ara wọn, òkùnkùn ni.

Ohun ìyanu ni pé asẹ́ méjì tí ó dábùú ara wọn ni a lẹ̀ mọ́ ojú ẹ̀rọ ìṣirò, ọ̀kan níwájú, èkejì lẹ́yìn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ó dé tí ojú náà kò fi dúdú nígbà gbogbo? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú omi díẹ̀ tí ó wà láàárín asẹ́ méjèèjì. Orúkọ omi náà ni kírísítálì olómi.

Ní ọdún 1888, Friedrich Reinitzer, onímọ̀ nípa ewéko, ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Prague, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Austria nígbà náà. Ó ń yọ́ kẹ́míkà funfun kan lórí iná. Nígbà tí ooru dé dígírì 145.5, kẹ́míkà náà yọ́, ṣùgbọ́n kò mọ́. Ó rú bí omi ògì. Reinitzer kò dá iná dúró. Nígbà tí ooru dé dígírì 178.5, omi rírú náà ṣàdédé mọ́ gaara. Ọ̀rọ̀ yìí rú u lójú. Ta ni ó gbọ́ rí pé ohun kan ṣoṣo yọ́ lẹ́ẹ̀mejì? Ó kọ̀wé sí Otto Lehmann, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan tí ó ní awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, tí ó sì lè gbé ohun gbígbóná sábẹ́ rẹ̀. Lehmann wò ó títí, ó sì rí i pé omi rírú náà ń ṣàn bí omi, síbẹ̀ ó ń hùwà sí ìmọ́lẹ̀ bí òkúta kírísítálì. Báyìí ni a ṣe mọ ohun tí ó wà láàárín líle àti omi.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí èyí ti lè rí, ẹ wo ara yín. Nígbà tí ẹ bá tò lórí ìlà ní òwúrọ̀ fún àdúrà, olúkúlùkù yín dúró sí ààyè rẹ̀, gbogbo yín sì kọjú sí ibì kan náà. Báyìí ni àwọn èérún ohun líle rí. Nígbà tí agogo ìsinmi bá lù, ẹ ó fọ́n ká bí èrò ọjà, oníkálukú sì kọjú sí ibi tí ó wù ú. Báyìí ni àwọn èérún omi lásán rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo gẹdú tí a kó lé odò, tí omi ń gbé lọ. Wọn kò dúró lójú kan, wọ́n ń yọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá, síbẹ̀ gbogbo wọn na gígùn wọn sí ìhà kan náà. Báyìí ni èérún kírísítálì olómi rí. Èérún wọ̀nyí, tí a ń pè ní mólékù, gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi gẹdú. Irú èyí tí a ń lò nínú ẹ̀rọ ìṣirò ni Georges Friedel, ará Faransé, sọ ní nemátíìkì ní ọdún 1922. Inú èdè Gíríìkì ni ó ti mú orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì jẹ mọ́ òwú, nítorí àwọn ìlà bí òwú tí a ń rí nínú rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ bí a ti ń ṣe ojú ẹ̀rọ náà. A ó mú gíláàsì pẹlẹbẹ méjì. A ó fi ohun kan tí iná mànàmáná lè gbà kọjá, ṣùgbọ́n tí ojú kò lè rí, kun inú wọn. Lẹ́yìn èyí a ó tún fi ìpele fẹ́lẹ́ mìíràn kùn ún, a ó sì fi aṣọ ra á sí ìhà kan ṣoṣo. Bí aṣọ bá ti ra á, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mólékù tí ó bá kan gíláàsì yóò sùn tẹ̀ lé e. A ó wá gbé gíláàsì méjèèjì kọjú sí ara wọn, kí ipa aṣọ ti ọ̀kan dábùú ti èkejì. Àlàfo tí ó wà láàárín wọn kò ju nǹkan bí ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà kan lọ. Irun orí kan nípọn jù ú lọ fíìfíì. Inú àlàfo yìí ni a ó rọ kírísítálì olómi sí.

Kí ni àwọn mólékù yóò ṣe? Àwọn ti òkè fẹ́ sùn sí ìhà kan, àwọn ti ìsàlẹ̀ fẹ́ dábùú wọn, kò sì sí èyí tí ó fẹ́ yàtọ̀ púpọ̀ sí aládùúgbò rẹ̀. Nítorí náà wọn yóò máa yí díẹ̀díẹ̀. Ẹ kó rúlà mẹ́wàá lé ara wọn lórí tábìlì, kí ẹ yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní dígírì 10 ju èyí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹ bá fi dé orí ìkẹwàá, yóò ti dábùú ìkíní, bí àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó lọ́. Báyìí gan-an ni kírísítálì olómi náà ṣe lọ́ láàárín gíláàsì méjèèjì.

Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá wọ inú omi lílọ́ yìí yóò bá a lọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ tí ó ń mì tọ gígùn mólékù kì í yára tó èyí tí ó ń mì ní ìdábùú rẹ̀. Ìyàtọ̀ eré yìí ni ó ń mú kí ìhà tí ìmọ́lẹ̀ ń mì sí máa tẹ̀ lé yíyí àwọn mólékù. Charles Mauguin ti Faransé ti ṣàlàyé èyí láti ọdún 1911. Ṣùgbọ́n lílọ́ náà kò gbọdọ̀ jẹ́ òjijì. Ọkọ̀ lè rọra ya kọ́nà tí ó gùn. Bí kọ́nà bá há jù, yóò fò sínú igbó. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé kan gùn díẹ̀ ju ìdajì ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà lọ. Àlàfo tí a sọ lẹ́ẹ̀kan fẹ̀ jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ ń rí àyè tẹ̀ lé kọ́nà náà.

Ìmọ́lẹ̀ wá láti òde, asẹ́ kìíní yan èyí tí ń mì sókè-sódò, kírísítálì olómi lọ́ ọ títí ó fi ń mì sọ́tùn-ún sósì, ó bá asẹ́ kejì pàdé, asẹ́ kejì tí ó dábùú sì rí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tirẹ̀, ó jẹ́ kí ó kọjá. Ohun kan tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bí dígí wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ lù ú, ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà, ó sì dé ojú wa. Ojú ẹ̀rọ mọ́lẹ̀.

Bí a bá tẹ nọ́ńbà, bátìrì yóò rán iná mànàmáná kékeré sí ara gíláàsì méjèèjì. Iná yìí yóò mú kí àwọn mólékù tí ó wà láàárín dìde dúró ṣánṣán, kí wọ́n kọ orí sí gíláàsì kan, kí wọ́n sì kọ ẹsẹ̀ sí èkejì. Lílọ́ ti tú. Ìmọ́lẹ̀ ń rìn tọ gígùn wọn, gbogbo ìhà tí ó lè mì sí sì jẹ́ bákan náà fún un, nítorí náà kò sí ohun tí yóò yí i. Bí ó ti wọlé ni ó dé ọ̀dọ̀ asẹ́ kejì, asẹ́ kejì sì dá a dúró. Ibẹ̀ di dúdú. Ohun dúdú tí a ń kà ní nọ́ńbà kì í ṣe tàdáwà. Àìsí ìmọ́lẹ̀ ni. Nígbà tí iná bá kúrò, àwọn mólékù tí ó di ara gíláàsì mú, tí wọn kò dìde rárá, yóò fa àwọn ìyókù padà sí ipò wọn, lílọ́ yóò sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ìlà méje ni a fi ń ya nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Bí méjèèje bá dúdú, ó di 8. Bí méjì tí ó wà lápá ọ̀tún nìkan bá dúdú, ó di 1. Iná tí a ń rán sí wọn a máa yí ìhà padà ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí bí ó bá ń lọ sí ìhà kan ṣoṣo, yóò ba omi náà jẹ́. Níwọ̀n bí kò sì ti sí ìmọ́lẹ̀ tí a ń tàn, bátìrì kékeré kan lè pẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún.

Martin Schadt àti Wolfgang Helfrich ni wọ́n gbé ọgbọ́n yìí kalẹ̀ ní ìlú Basel, ní ilẹ̀ Switzerland, ní oṣù Kejìlá ọdún 1970. James Fergason náà béèrè fún ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1971. Ní ọdún 1973, George Gray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ìlú Hull, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéde àwọn kírísítálì olómi tí kì í tètè bàjẹ́, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé a dáná sí i. Láti ibẹ̀ ni ó ti di ohun tí a so mọ́ ọrùn ọwọ́ àti ohun tí a kó sí àpò.

Ó kù kí a parí ẹjọ́ tí a fi sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ rántí omi Reinitzer: nígbà tí ooru kọjá ìwọ̀n kan, ó mọ́ gaara, nítorí àwọn mólékù rẹ̀ kò tò mọ́, wọ́n ti di èrò ọjà. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ ìṣirò orí páànù. Oòrùn mú kí omi inú rẹ̀ gbóná kọjá ìwọ̀n, lílọ́ tú, kò sì sí ohun tí ó lè yí ìmọ́lẹ̀ mọ́. Ohun tí ó kù ni asẹ́ méjì tí ó dábùú ara wọn. Ẹ sì mọ̀ pé òkùnkùn ni. Bí ooru bá lọ, ipa aṣọ tí ó wà lára gíláàsì yóò tún tò wọ́n.

Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti kọjá nígbà tí mo ní kí ẹni tí ó yá ẹ̀rọ náà lọ gbé e wá. Etí rẹ̀ kan ti ń mọ́. Bí a ti ń wò ó, dúdú náà ń fà sẹ́yìn bí ọ̀yẹ̀ òwúrọ̀ ti ń là. Nígbà tí ó mọ́ tán, mo ní kí ẹni tí ó ni ín tẹ 7 lọ́nà 8. Ó tẹ̀ ẹ́. 56 yọ síta, ó hàn kedere. Ọmọ tí ń sunkún fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Èkejì kò lè gbé orí sókè. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, n kò mọ̀.” Mo ní kì í ṣe èmi ni ó yẹ kí ó bẹ̀. Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, n kò sọ pé kí ẹ máa gbé ẹ̀rọ yín sínú oòrùn. Ooru tí ó bá pọ̀ tí ó sì pẹ́ lè ba asẹ́ jẹ́, bí gíláàsì bá sì fọ́ tí omi inú rẹ̀ jò, àbàwọ́n rẹ̀ kì í lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó mọ ìdí ọ̀rọ̀ kì í tètè dájọ́. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ tutù.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìdí tí ẹni tí ó yá ẹ̀rọ ìṣirò náà fi ń sunkún?
2. Ṣe àlàyé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí asẹ́ ìmọ́lẹ̀ méjì bá dábùú ara wọn.
3. Kí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orí ìlà, èrò ọjà àti gẹdú orí odò dúró fún nínú àyọkà yìí?
4. “Ohun dúdú tí a ń kà ní nọ́ńbà kì í ṣe tàdáwà.” Fi ọ̀rọ̀ ara rẹ sọ ìtumọ̀ gbólóhùn yìí.
5. Báwo ni ohun tí Reinitzer rí ní ọdún 1888 ti ran olùkọ́ lọ́wọ́ láti parí ìjà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjèèjì?
6. Kọ àròkọ kan lórí òwe yìí: “Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.”